Ohun Tí Àparò Ń Bi Oòrùn Lórí Ebè

Láyé ìgbà tí ẹyẹ kankan ò tíì ní ìyẹ́ lára, wọ́n pín aṣọ ẹyẹ tán, wọn ò dúró de Àparò.

Kì í ṣe pé ó sùn o! Àṣá tó ń gbé orí òkè ló kéde pé, "Bí oòrùn bá ti yọ, kí gbogbo yín wá gbaṣọ." Nígbà yẹn, kò sí ẹyẹ tí kò gbà pé ìgbà kan náà ni oòrùn ń yọ fún gbogbo ayé. Àfonífojì ni Àparò ń gbé. Ó jí ní kùtùkùtù, òtútù ń mú ọmọ rẹ̀ gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ níhòòhò, ó tẹjú mọ́ ọ̀run. Bí oòrùn ṣe yọjú báyìí, ó gbéra.

Ó dé orí òkè, ó bá Odídẹ tó ń ju ìrù pupa kiri.

"Ẹ kú àsùnjù o, Ìyá Àparò!"

"Àsùnjù bàbá ta ni? Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni!"

Àṣá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti yọ tipẹ́, Ìyá. Àpò tí a fi di aṣọ ló kù."

Àpò náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Àpò kẹ̀? Fún èmi àtọmọ mi? Dìde, Àṣá, o máa bá mi délé, kí o fojú ara rẹ wo oòrùn tiwa!"

Wọ́n dé àfonífojì nírọ̀lẹ́. Oòrùn rá sẹ́yìn òkè, ibẹ̀ ṣú.

"Ó wọ̀ àbí kò wọ̀?"

"Ó ti wọ̀, Ìyá."

"Ó yá, ká padà sílé tìrẹ."

Wọ́n fò gòkè. Yéè! Oòrùn tí wọ́n fojú ara wọn rí tó wọ̀, òun ló ń ràn yìí! Ẹnu Àparò là, kò lè pa á dé. Nígbà tí oòrùn wá wọ̀ lóòótọ́, òṣùpá lé lórí òkè. Wọ́n bojú wolẹ̀: òkùnkùn biribiri ṣì bo àfonífojì, òṣùpá ò tíì débẹ̀.

"Mi ò parọ́ fún yín," Àṣá ní.

"Èmi náà ò pẹ́! Ta ló wá jẹ̀bi?"

"Aṣọ ti tán, Ìyá. Ẹ bi Oòrùn."

Láti ọjọ́ yẹn ni Àparò ti ń wọ àpò, tòun tọmọ. Láti ọjọ́ yẹn náà ni ibi kọ̀ọ̀kan ti ń wo oòrùn tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fi òwúrọ̀ ará òkè pe ará àfonífojì mọ́. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ lọ sóko. Ẹ ó gbọ́ Àparò lórí ebè tó ga jù, tó na ọrùn, tó ń lọgun:

"Oòrùn! Ta lo kọ́kọ́ yọ fún? Kí lọmọ mi ṣe ọ́? Dá mi lóhùn!"