Bí Ìjàpá Ṣe Kú Nítorí Àmì-Ẹ̀yẹ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó kú lọ́sàn-án gangan, wọn ò gbẹ́lẹ̀ fún un. Ó jí, wọn ò kí i kú ewu. Ta ni?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ pa ẹnu yín mọ́ kí àwọn tó kù lè gbádùn. Àlọ́ mi fò pàù, kò bà sórí ilé olówó, kò bà sórí ilé òtòṣì, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló bà lé, ẹni tí ń wá ìyìn kiri bí ewúrẹ́ ṣe ń wá èèpo iṣu.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko máa ń ṣe sinimá. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi àwọn àgbà. Ọ̀bọ ni olùdarí eré, òun náà ló ń gbé kámẹ́rà, torí òun nìkan ló lè gun igi lọ ya àwòrán láti òkè. Bí wọ́n bá parí eré kan, wọ́n á ta aṣọ funfun sáàárín igi ìrókò méjì níwájú ààfin Erin ọba, gbogbo ìlú á sì jókòó wò ó.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, Erin máa ń fún òṣèré tó dára jù lọ ní àmì-ẹ̀yẹ. Kì í ṣe ère tí à ń gbé sórí tábìlì o. Oúnjẹ ni. Ẹni tó bá gbà á, òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò máa jẹ nínú àká ọba títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀. Bí òṣèré náà bá sì ti kú, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọba kì í ṣàdédé yan ẹnì kan. Ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó, wọ́n á jiyàn títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn, wọ́n á wá dárúkọ òṣèré mẹ́ta. Nínú àwọn mẹ́ta yìí lọba yóò ti mú ọ̀kan. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá sí i. Bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìjàpá kò kọ ebè kan ṣoṣo. Yánníbo sọ̀rọ̀ títí ẹnu bó o.

"Ọkọ mi, òjò ti ń lọ o. Kí la máa jẹ?"

"Yánníbo, níbo lo ti rí gbajúmọ̀ òṣèré tó ń kọ ebè? Kí oòrùn wá ba ojú mi jẹ́ mọ́ kámẹ́rà lọ́wọ́? Àká ọba la máa jẹ."

Gbajúmọ̀ òṣèré! Ẹ jẹ́ n sọ eré tó ṣe fún yín. Nínú sinimá ńlá ọdún náà, Ọ̀bọ ní kí ó kọjá níwájú ilé kan, kí ó ní "Ẹ kú ilé o," kí ó máa lọ. Ìjàpá kọjá. Nígbà tó kọjá tán, ó gba ẹ̀yìnkùlé yí padà, ó tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọjá kí wọ́n tó sọ òkò lé e kúrò níbẹ̀. Eré tó ṣe nìyẹn, kò sí òmíràn.

Alágẹmọ ló ṣe ìyá nínú sinimá kan náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun tí kò padà wálé. Kò sọ gbólóhùn méjì. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún, àwọ̀ ara rẹ̀ á mọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rí i pé kì í ṣe ọmọ òun, àwọ̀ náà á tún ṣú. Erin sunkún débi pé aṣọ àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ rin gbingbin.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó, Ìjàpá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri ààfin, ó ń tẹ́tí kí ó lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ajá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ajá yìí, bí kò bá rí nǹkan bù ṣán lára eré ẹlòmíràn, oorun kì í kùn ún.

"Àkùkọ ni mo dárúkọ," ni Ajá wí. "Ohùn rẹ̀ dún."

"Ṣé ohùn dídún ni eré?" ni Ọ̀bọ bi í. "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún àrá ní àmì-ẹ̀yẹ. Alágẹmọ ni mo dárúkọ."

"Alágẹmọ tó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà? Èmi náà máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ta ló dárúkọ mi rí?"

Wọ́n fà á, kò gùn. Wọ́n wọ́ ọ, kò ràn. Oòrùn ti kan àtàrí kí àgbà Ẹfọ̀n tó mí kanlẹ̀, tó ní, "Ẹ ò wá rántí Òkété?"

Òkété ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn.

"Háà, Òkété!" ni Ajá wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ò lè sí mọ́ láyé yìí."

Ẹ̀yin ọmọ, Ajá kan náà ló ń sọ kiri ìlú nígbà tí Òkété wà láàyè pé bí Òkété bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, òórùn rẹ̀ a máa yọ látinú aṣọ funfun. Kò sẹ́ni tó rán an létí. Wọ́n dárúkọ Òkété láìjiyàn, wọ́n ní kí àwọn padà wá lọ́tùúnla láti dárúkọ méjì tó kù.

Ìjàpá mi orí lẹ́yìn ògiri. "Ọjọ́ a bá kú là á dère," ni ó wí fún ara rẹ̀, "èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹn-hẹ́n. Ta ló wá ní kí n wà láàyè?"

Ó sáré délé.

"Yánníbo, tú gèlè orí rẹ. Mo ti kú."

"Ẹ ti kú báwo? Ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Lọ́la. Lọ́la ni mo máa kú. Wọ́n á dárúkọ mi, ọba á ṣí àká fún ọ, àwa méjèèjì á máa jẹ. Bí iṣu bá ti wọlé tán, màá jí, a ó ní mo dé ọ̀run, wọ́n ní àyè ò sí."

"Bí wọ́n bá wá sin yín ńkọ́?"

"Wọn kì í sin òṣèré nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ṣì ń jókòó. Ìwọ ṣáà sunkún. Ṣé o mọ ẹkún sun?"

Yánníbo wo inú ìkòkò rẹ̀ tó ṣófo. "Mo mọ̀ ọ́n," ni ó dáhùn.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Yánníbo fi igbe ta. Tẹrú tọmọ sáré dé. Wọ́n bá Ìjàpá lórí ẹní níwájú ilé, ọrùn rẹ̀ nà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, eṣinṣin kan ń rìn kiri nímú rẹ̀. Kò mira. Yánníbo wá mú orin arò sẹ́nu. "Jáńkélé" ni ègbè rẹ̀, ẹ bá mi gbè é:

Ọkọ mi ti lọ o,
Jáńkélé!
Ẹni tó kú kì í họra,
Jáńkélé!
Ẹni tó kú kì í sín,
Jáńkélé!
Bí eṣinṣin bà wọ́n nímú,
Jáńkélé!
Ọkọ mi á fara dà á,
Jáńkélé!

"Ẹ gbọ́ bí arò yìí ṣe jinlẹ̀ tó," ni Ẹfọ̀n wí, ó sì ń nu imú rẹ̀.

Àṣà wọn ni pé bí òkú òṣèré bá wà nílẹ̀, ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó síbòmíràn. Nítorí náà, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kálukú gbé àpótí rẹ̀ wá síwájú ilé Ìjàpá. Erin ọba pàápàá wá. Èèwọ̀ wọn sì ni kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ òkú láìdáa kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Ìjàpá mọ èyí. Ó nà gbalaja sílẹ̀, etí rẹ̀ là sílẹ̀ rekete.

"Èmi ni mo yà á," ni Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀. "Bí ó ṣe kọjá yẹn..." Kò lè parí ọ̀rọ̀ náà.

"Ó kọjá dáadáa," ni Ẹfọ̀n wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin," ni Ajá wí. "Ìkọjá kẹrin yẹn ló dùn mí jù. Mo ní, ẹ wo ẹni yìí, ó ń lọ, kò mọ̀ pé òun ń lọ pátápátá."

Ni gbogbo agbo bá bú sẹ́kún. Inú Ìjàpá dùn, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé karawun sókè. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, "Àṣé Ajá yìí mọ eré wò! Èmi ni mi ò mọyì rẹ̀."

Wọ́n dárúkọ Ìjàpá ṣe ìkejì. Lórí ìkẹta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, ṣùgbọ́n ní ìkẹyìn wọ́n fi Àkùkọ sílẹ̀, wọ́n mú Alágẹmọ. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọba.

"Òkété ò ní ìyàwó," ni Erin wí, "kò sẹ́ni tí yóò jẹ iṣu rẹ̀. Alágẹmọ ṣì wà láyé, ó ṣì lè gbà á lọ́dún mìíràn. Ìjàpá ò ní ọdún mìíràn mọ́. Ọkàn mi ń fà sí Ìjàpá. Ta ló ní ọ̀rọ̀ kan sí i kí n tó ṣí àká?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ló kù kí iṣu wọlé. Yánníbo fi ọwọ́ di àyà mú. Itọ́ ti ń ṣàn lẹ́nu òkú.

"Kábíyèsí, mo ní ọ̀rọ̀," ni Alágẹmọ wí. "Kì í ṣe nípa ara mi o. Nípa olóògbé ni." Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó gbé èkejì, ó dúró. Wọ́n ń retí rẹ̀ títí ó fi dé àárín agbo.

"Èmi náà fara mọ́ ọn pé kí ẹ fún Yánníbo ní oúnjẹ. Ìwà ọkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ yìn. Ìjàpá mọ̀ pé òun ò mọ eré ṣe. Ó mọ̀ pé àánú ló ṣe Ọ̀bọ tó fi ní kó kọjá. Síbẹ̀, kò bínú, kò jowú ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ́ rí pé òun dára ju ẹnì kan lọ. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n."

"Ó ṣọ̀wọ́n!" ni gbogbo wọn dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìjàpá létí, ó gbóná nínú rẹ̀ bí ata. Ó di eyín. Ó rántí iṣu. Ó tún di eyín. Yánníbo rí ọrùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó yáa gbé orin sókè:

Ẹni tó kú kì í fèsì,
Jáńkélé!
Ẹ jọ̀ọ́, kì í fèsì,
Jáńkélé!

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìjàpá nàró lórí ẹní.

"Ta ni kò mọ eré ṣe?"

Yéè! Erin ọba gba inú ọgbà Yánníbo sá lọ, ọgbà náà sì di ilẹ̀. Ajá fi ìrù sáàárín itan. Ọ̀bọ bá ara rẹ̀ lórí igi. Alágẹmọ nìkan ni kò sá, nítorí kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, àwọn tó sá ti ń padà bọ̀. Wọ́n bá Ìjàpá níbi tó ti ń ké.

"Èmi! Àánú mi ló ṣe Ọ̀bọ? Ẹ sunkún àbí ẹ ò sunkún? Láti àná ni mo ti kú! Mi ò mu omi, mi ò lé eṣinṣin! Ta nínú yín ló ṣe irú eré yìí rí? Ẹ fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ mi!"

Àwọn ẹranko wo ara wọn lójú.

"Ká sòótọ́," ni Ẹfọ̀n wí, "mo sunkún."

"Ìjàpá," ni Ọ̀bọ wí látorí igi, "ilé ni kámẹ́rà mi wà. Eré tí kò sí kámẹ́rà níwájú rẹ̀, tí àwọn òǹwòran ò mọ̀ pé eré ni, irọ́ là ń pè é."

Ajá wá síwájú, ó ń pọ́n ẹnu lá. "Ọjọ́ mẹ́jọ ò tíì pé o, ṣùgbọ́n òkú ti jí, kò sí èèwọ̀ mọ́. Ìkọjá àkọ́kọ́ ò dáa. Ìkejì burú jù ú lọ. Nígbà tó di ìkẹta, mo kojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkẹrin ńkọ́? Èmi ni mo sọ òkò yẹn."

Ẹ̀rín sọ, agbo dàrú. Erin ní ó ti tó.

"O ti fi ẹnu ara rẹ yin eré rẹ," ni ó wí. "Òfin ti mú ọ. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ ṣí àká fún Alágẹmọ, ẹni tó yẹ kí a ti fún láti ìbẹ̀rẹ̀ bí kì í bá ṣe ojú àánú."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣu lọ. Wọ́n ti ń tú ká nígbà tí Ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀, tó lọ bá Yánníbo níbi tó ti ń kó àpótí jọ.

"Yánníbo, ẹkún yẹn wọ gbogbo wa lára. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ebi ló kọ́ mi," ni Yánníbo dáhùn. "Ìkòkò mi ni mò ń wò."

Ọ̀bọ ní kí ó wá ṣe ìyàwó àgbẹ̀ nínú sinimá tó ń bọ̀, ó sì kó iṣu mẹ́wàá fún un kí ó máa fi gbọ́ bùkátà.

Iṣu ìyàwó ni Ìjàpá wá ń jẹ, kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe àká ọba ló ń ro mọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn tó gbọ́ lórí ẹní yẹn ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yìn ín bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó tún yìn ín mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó rí Ajá lókèèrè. Ó yára kú sójú ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fa orí wọlé pátápátá kí ẹnu má baà tún fa wàhálà. Ajá dé ibẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í.

"Ìjàpá?"

Ìjàpá sé èémí. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ó yá, wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin òun. Ajá pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìjàpá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, bóyá ẹlòmíràn á kọjá.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan Ìjàpá, á fa orí fa ẹsẹ̀ wọnú karawun, á dákẹ́ lọ gbári. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń bà á. Irọ́ ni. Ó ń tẹ́tí ni. Bí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ ṣàánú rẹ̀, ẹ ní, "Ó kọjá dáadáa."

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi wúwo nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀. Bí n kò bá purọ́, kí ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!