Ọdẹ́rìndé àti Awò Tí Ó Fi Ń Yangàn

Ojú tí ń wo òkè kejì kò rí gbòǹgbò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò wọ igbó dídí, kí ó la ojú méjèèjì. Àwọn ni awo tí wọ́n dífá fún Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ Ìdí-Ọ̀mọ̀, ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ẹfọ̀n tí ó dínà odò.

Ẹfọ̀n náà ti kan ènìyàn méjì pa. Inú igbó kìjikìji tí ó wà lẹ́bàá odò ni ó ń gbé, níbi tí ìtàkùn ti lọ́ mọ́ ìtàkùn, tí ọ̀sán gan-an kì í mọ́lẹ̀ tán. Àwọn obìnrin kò lè pọnmi mọ́. Omi kòtò ni gbogbo ìlú ń mu, inú sì ti ń run àwọn ọmọdé. Olúọdẹ pe àwọn ọdẹ jọ sí ìdí Ògún, ó bi wọ́n pé ta ni yóò lọ. Ọdẹ́rìndé dìde, ó fi ahọ́n kan irin, ó ní, "Èmi ni." Ọdẹ tó bá sì ti fi ahọ́n kan irin kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́.

Ọdẹ́rìndé ní awò ìbọn méjì, irú èyí tí ọdẹ ń dè mọ́ orí ìbọn láti fi wo ẹran, tí oníṣòwò kan gbé wá láti etí òkun. Èkíní gùn bí apá ọmọdé. Bí ènìyàn bá fi ojú kan wò ó, ohun tó wà lọ́nà jíjìn a di ti ìtòsí. Èkejì kúrú, kì í sọ ohunkóhun di ńlá, ojú méjèèjì ni a sì fi ń lò ó. Àmì pupa kékeré kan ló wà láàrin rẹ̀ bí hóró wérénjéjé, ibi tí àmì náà bá sì bà lé ni ọta yóò lọ. Awò gígùn ni Ọdẹ́rìndé fẹ́ràn. Orí àpáta ni ó ti dán an wò, ó sì ń ròyìn rẹ̀ kiri.

"Mo rí akèrègbè adẹ́mu lórí òkè kejì," ni ó wí fún Ọdẹ́bọ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ.

"Ṣé adẹ́mu lo fẹ́ lọ yìnbọn fún ni?" ni Ọdẹ́bọ̀dé dá a lóhùn.

Síbẹ̀ ọkàn Ọdẹ́rìndé kò balẹ̀, ó sì tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kí ó rúbọ: àkùkọ kan, obì, epo pupa, àti ohun tí ó fi ń yangàn. Wọ́n ní kí ó gbé ohun náà kọ́ sí ìdí Ògún, kí ó má ṣe mú un wọ igbó, kí ó sì mú èyí tí ojú méjèèjì lè bá ṣiṣẹ́.

Ọdẹ́rìndé mú àkùkọ wá. Ó mú obì àti epo wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ohun tí ó fi ń yangàn, agbádá rẹ̀ tuntun ni ó gbé kọ́ sí ìdí Ògún.

Àwẹ̀ró aya rẹ̀ wò ó títí. "Olówó orí mi, agbádá kọ́ lẹ ń ròyìn láti ìjẹta."

"Agbádá náà níyì," ni Ọdẹ́rìndé wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó wọ igbó pẹ̀lú awò gígùn lórí ìbọn. Ọdẹ́bọ̀dé tẹ̀ lé e. Ewé mì. Ẹfọ̀n dìde níwájú wọn, kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn sójú, ó di ojú òsì gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ. Irun dúdú ló kún inú awò bámúbámú. Kò mọ èjìká, kò mọ ìdí. Ewé kan gba iwájú awò kọjá, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ọ̀nà ojú tí ó dì ni ẹfọ̀n gbà yọ. Ìbọn dún, ọta lọ bá igi. Ẹfọ̀n fi ìwo gbé Ọdẹ́bọ̀dé sókè, ó jù ú nù, itan rẹ̀ ṣẹ́, ẹran náà sì wọ igbó lọ.

Ọdẹ́rìndé pọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé. Lójú ọ̀nà, Ọdẹ́bọ̀dé bi í pé, "Kí lo tiẹ̀ rí nínú rẹ̀?"

"Irun."

"A kì í yìnbọn pa irun, ọ̀rẹ́ mi," ni Ọdẹ́bọ̀dé wí, ó sì ń kérora.

Ọdẹ́rìndé kò jẹun lọ́jọ́ náà. Olúọdẹ ní kí ó sinmi, kí ẹlòmíràn lọ, ó kọ̀. Ó tú awò gígùn kúrò lára ìbọn, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e kọ́ sí ìdí Ògún. Ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Ìdajì ni mo rú, ìyà odidi ló jẹ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ gba ìyókù."

Ó de awò kúkúrú mọ́ ìbọn. Ṣùgbọ́n dídi ojú òsì ti mọ́ ọn lára láti ìgbà èwe. Nítorí náà, fún ọjọ́ méje, ó ń lọ sínú igbó ṣúúrú ẹ̀yìn ilé. Àwẹ̀ró a dúró tì í, a fi okùn fa agbọ̀n àtijọ́ kan gba abẹ́ ewé lójijì, ọkọ rẹ̀ a sì gbé ìbọn tí kò ní ọta sókè. Bí ó bá ti di ojú kan, Àwẹ̀ró a ní, "Ẹ ti kú nìyẹn." Ó kú títí ó fi sú u, kò sì dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ keje, kò kú mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, òun nìkan ló wọ igbó. Kò yára. Nígbà tí ẹfọ̀n dìde, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàrin wọn. Ọdẹ́rìndé la ojú méjèèjì. Ó rí ẹran náà lódindi, ó rí ewé, ó rí ìtàkùn tí ìbá gbé e ṣubú. Àmì pupa bà lé èjìká. Ó yìn ín. Ẹfọ̀n kò dúró. Apá òsì ni ó gbà ń bọ̀. Ọdẹ́rìndé rí i, ó yẹ̀ sẹ́yìn igi, ó tún yìn ín. Ẹfọ̀n wó lulẹ̀, ilẹ̀ sì mì.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn obìnrin ti wà lódò, wọ́n ń ri ìkòkò bọ omi tó mọ́ gaara. Ọdẹ́rìndé gbé ẹran lọ sílé Ọdẹ́bọ̀dé, ó sì ń bá a ro oko rẹ̀ títí itan náà fi san.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo, àwọn awo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá, Ifá gbé ọpẹ́ fún Olódùmarè. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn, kí ó má ṣe gé e sí méjì. Ẹbọ tó pé ló mú ire dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́rìndé àti gbogbo Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ohun tí a bá fà sẹ́yìn nínú ẹbọ, òun gan-an ní í bá ni wọ igbó.