Iyán Tó Dí Àwòko Lọ́fun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já bọ́ láti orí igi, ó bọ́ lu Àwòko, ẹyẹ olóhùn iyọ̀, àti àwọn ará Kòsébi tó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á.

Ní ìgbà kan rí, kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ Àwòko. Kábíyèsí Kòsébi ránṣẹ́ pè é kó wá kọrin níbi ọdún iṣu tuntun.

Àṣà kan wà ní Kòsébi: àlejò ò gbọdọ̀ fo ilé kankan. Ilé tí kò bá ti jẹun, ó ti bú bàbá wọn nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá èmi Ìyá Àgbà yín gbè é: "Ó jẹ ẹ́."

Àwòko wọ ilé Jagun, wọ́n gbé iyán fún un.

Ó jẹ ẹ́!

Ó wọ ilé Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n gbé ẹ̀pà fún un.

Ó jẹ ẹ́!

Ó wọ ààfin, Olorì gbé ọ̀jọ̀jọ̀ fún un.

Ó jẹ ẹ́!

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìlú pé. Àwòko la ẹnu kó kọrin, ó gùnfẹ̀. Ó tún la ẹnu, ó tún gùnfẹ̀. Ewúrẹ́ ní òun náà mọ irú èyí kọ.

Jagun ní, "Ó fi wá ṣẹ̀sín. Ẹ tu ìyẹ́ rẹ̀."

Ẹyẹ tí wọ́n bá sì tu ìyẹ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti di ẹran ọbẹ̀.

Wọ́n ti di ìyẹ́ mú nígbà tí Ìgbín dé. Láti àárọ̀ ló ti ń bọ̀, ó ru àwo àkàrà tí kò níyọ̀.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí kò níyọ̀?"

Àyìndé, ṣé ìwọ ti rí ìgbín tó ń jẹ iyọ̀ rí? Jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ìgbín ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Iwájú ilé gbogbo yín ni mo gbà kọjá lónìí, ẹ sì mọ bí mo ṣe ń rìn. Jagun, mo rí i bí ẹ ṣe ń fi òkèlè lé òkèlè fún un. Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní òun ti yó, ẹ ní ṣé ó kórìíra yín ni. Ẹ fi oúnjẹ dí ọ̀nà ọ̀fun, ẹ wá ń bi orin pé kí ló dé tí kò kọjá."

Olorì wo ilẹ̀. Kábíyèsí ní kí wọ́n fi ẹyẹ sílẹ̀ kó lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dáná, Àwòko kọrin. Orin náà dùn débi pé Jagun sunkún. Ó ní òun kúkú ti mọ̀ tipẹ́ pé ó mọ orin kọ. Ojú ò tì í rárá.

Ìdí nìyẹn tí àwòko fi ń kọrin ní kùtùkùtù, kí àwo tó dé.

"Àkàrà Ìgbín ńkọ́?"

Bí orin ti parí, Ìgbín sún un síwájú Àwòko, ó ní, "Ó ku ilé tèmi."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ká tó bú olórin, ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwa fúnra wa fi dí i lẹ́nu. Bí mo bá purọ́, kí àkàrà òwúrọ̀ ọ̀la fò mí ru.