Ọ́ìlì tí Ìyá Olóyin Rà fún Àna Rẹ̀

Ìyá Olóyin ti Òkè-Àṣá kì í tọ́ oyin wò kó tó rà á. Bí ọdẹ bá gbé oyin wá bá a láti inú igbó, ńṣe ni yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò gbé ìka náà sókè, yóò sì máa wò ó. Bí oyin náà bá ń já tótó bí omi, ó parí. "Gbé e kúrò níwájú mi. Oyin tó ń sáré, irọ́ ló ń pa." Èyí tó bá rọra fà bí okùn, tí kò fẹ́ já, ìyẹn ni ojúlówó lójú tirẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tinúadé, Oyèdòkun awakọ̀ ló sì fẹ́ ẹ. Oyèdòkun yìí ló ni bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń gbé èrò Òkè-Àṣá gun òkè, lọ sí ìlú tó wà lódìkejì, níbi tí ọjà àti ilé ìwòsàn wà. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ gbé oyin, tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ fún un, tí kò sì ní gba nǹkan kan. Inú ìyá ń dùn, ó sì ń wá ohun tí yóò fi dúpẹ́. Iṣu ńkọ́? Àna rẹ̀ ń dáko. Aṣọ ńkọ́? Kì í ṣe aláṣejù. Ló bá ní, "Ohun tó ń ru oyin mi gan-an ni n ó bọ́."

Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọ́ìlì ọkọ̀.

"Irú ọ́ìlì wo lẹ fẹ́, Màmá?"

"Èyí tó dára."

"Gbogbo wọn ló dára, ohun tí wọ́n wà fún ló yàtọ̀."

"Ìwọ ṣáà ṣí wọn." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìka bọ wọ́n nìyẹn. Nígbà tó kan èyí tí kò fẹ́ já rárá, ó pariwo, "Òun nìyí! Èyí kò lábùlà!"

"Màmá, èyí ki o. Ọyẹ́ sì ń bọ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni, bó ṣe ki yẹn gan-an ni mo ṣe ń rà á."

Nígbà tí Oyèdòkun rí kẹ́ẹ̀gì náà, ó ṣí i, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì tún un dé.

"Àbí o ò fẹ́ ẹ ni?"

"Háà, Màmá! Ta ní í kọ ẹ̀bùn àna?" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú ìyá ló ṣe tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, tó sì da tuntun sínú ẹ́ńjìnnì. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ sì ń lọ geere. Ìyá Olóyin jó yí bọ́ọ̀sì náà ká.

Kò pẹ́ tí ọyẹ́ fi dé. Ẹ mọ ọyẹ́ ilẹ̀ olókè, eyín á máa lu eyín. Àárọ̀ kan báyìí ni Tinúadé, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Ẹsẹ̀ lọmọ yìí fẹ́ fi ṣíwájú. Ọwọ́ mi kò ká a. Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà, kó má bọ́ sórí."

Wọ́n tẹ́ ẹ sínú bọ́ọ̀sì. Oyèdòkun yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kérora bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Nígbà tó tan, ariwo kàkàkàkà ló ń pa, bí ẹni ń gún òkúta nínú odó. Oyèdòkun kò gbéra. Ó tẹ́tí sí i.

"Kí là ń dúró dè?" Ìyá Olóyin bi í.

"Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, Màmá. Ọ́ìlì kò tíì dé ibi gbogbo."

"Ṣé ọ́ìlì ló ń rọbí ni, àbí ọmọ mi? Oyèdòkun, mo ní o wà á!"

Ẹnu àna ni. Oyèdòkun wà á. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹsẹ̀ òkè, ariwo náà ti di ìlọ́po méjì. Ó tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì kú síbẹ̀. Tinúadé ké.

Ìyá Olóyin já bọ́ sílẹ̀. "Ojúlówó ọ́ìlì tí mo rà ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Oyèdòkun náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ọ́ìlì wò yọ, ó gbé e dání. Ọ́ìlì so rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ lù ú, kò já. Ìyá Olóyin tẹjú mọ́ ọn. Ta ló tún máa sọ fún un? Gbogbo ọyẹ́ ni oyin tirẹ̀ ń sùn sínú ìgò, tí yóò gbé e sẹ́bàá ààrò, tí yóò sì dúró títí yóò fi jí.

"Ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè yá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ń pẹ́ kó tó ṣàn yíká. Bí mo bá fipá wà á kó tó ṣàn, irin á máa jẹ irin ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Oyèdòkun wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fún mi, Màmá. Ẹ sì ń jó."

Ìyá Olóyin padà sínú ọkọ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. "Tan án. Fún un láyè tó bá fẹ́. N kò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọkọ̀ tan, kàkàkàkà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

"Màámi, ẹ ní kó máa lọ," Tinúadé bẹ̀ ẹ́.

"Rọ́jú, ọmọ mi. Kó má baà kú sí àárín òkè." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, ariwo náà rọlẹ̀, títí tí ẹ́ńjìnnì fi ń kùn jẹ́jẹ́. Oyèdòkun rọra gbéra. Ọkọ̀ gun òkè láìdúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ. Ìyá yè, ọmọ ké. Ọmọbìnrin ni.

Oyèdòkun dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìyá Olóyin fà á dìde. "Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún ọ. O gba ẹ̀bùn tó ń ni ọ́ lára, o ò dójú tì mí. Ọlọ́run yóò gbọ́ tìrẹ bí o ṣe gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, àna mi, jọ̀wọ́, dójú tì mí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n dẹwọ́.

Moyọ̀sóore ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn obìnrin Òkè-Àṣá wá bá Ìyá Olóyin ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì yìí ti ṣe gudugudu méje fún àwọn, àwọn fẹ́ ra nǹkan fún un. Kí ló rò pé ó dára?

"Háà! Ẹ má bi mí o," ni ìyá wí. "Ẹ wo ẹni tó ń wà á lọ́hùn-ún yẹn, tó ń jẹ iyán. Ẹ lọ bi í."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé délé, tí ilé gbé e dóko, tó fi di ohun tí àgbà ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kánjú ṣe ẹlòmíràn lóore pé: oore tí a ó ṣe fún ọkọ̀, awakọ̀ là á bi.