Ohùn Ará Ilé àti Káàdì Kékeré

Ní agbo ilé Olúmọyè, Bàbá Oyèékànmí nìkan ló kù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú tán, àwọn àbúrò sì ti tú ká sí ìlú òkèèrè. Àwọn yàrá tí ọmọ wẹ́wẹ́ ti máa ń sá pamọ́ láyé àtijọ́ ti di ilé aláǹgbá. Títún rédíò àti fóònù ṣe ni Bàbá fi jẹun títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì.

Nígbà tí àwọn ará ilé ṣì wà, Bàbá gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó wọn sórí mẹ́mọ́rì káàdì kan, ó sì fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Orí káàdì yìí kan náà ni ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà wà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀rọ á jí, á sì kí i. Lónìí, Fadérera ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Àlàmú, ṣé o ò tíì wẹ̀ ni?" Lọ́la, Bàbá Ìsàlẹ̀, àgbà ilé kan, á kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó kí i. Bàbá a sì máa dá wọn lóhùn: "Mo ti jí o." Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tó yá, káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Fadérera á ní, "Àlàmú, ṣé o…" ẹ̀rọ á dákẹ́. Bàbá wá káàdì mìíràn káàkiri ìlú, èyí tí àyè inú rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́ nìkan ló rí. Ó ṣe ẹ̀dà odindi káàdì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kó lè dà á sórí tuntun. Káàdì kékeré kò gbà á.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Èrò ti pọ̀ jù. Àwọn kan á bọ́ sílẹ̀."

Ó kọ́kọ́ pa ohùn ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ rẹ́ lórí káàdì àtijọ́, obìnrin tí kì í kí èèyàn láì bú u mọ́ ọn. Ó ṣe ẹ̀dà mìíràn. Kò wọlé. Ó pa Bàbá Ìsàlẹ̀ rẹ́ tòun ti ikọ́ rẹ̀. Kò wọlé. Bó ṣe ń ṣe ẹ̀dà tuntun ló ń pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò láyè fún méjì. Ó pa títí, ó ku Fadérera, síbẹ̀ kò wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ọmọ Fadérera, Mosúnmọ́lá, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Bàbá kì í pè é. Ó ní ọmọdé ló yẹ kó kọ́kọ́ pe àgbà. Lọ́jọ́ náà, ó pè é.

"Ẹ káàsán, sà. Bàbá, ẹ̀yin rèé! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ìyá rẹ ni kò rí àyè wọ̀."

"Ìyá mi kẹ̀? Ìyá mi tí kò sanra rí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, káàdì àtijọ́ yẹn, ṣé ó kún ni?"

"N ò wò ó."

"Gbogbo ilẹ̀ káàdì ni ẹ̀dà yẹn ń kó, sà, ibi tí nǹkan wà àti ibi tó ṣófo. Bí ẹ lé gbogbo ayé, kò ní kéré sí i. Ẹ sún ààlà wọlé, kó súnmọ́ ibi tí nǹkan parí sí, kí ẹ wá gé òfìfo ẹ̀yìn rẹ̀ dànù."

Ó ń júwe, Bàbá ń ṣe é. Ẹ̀dà ńlá súnkì, ó wọ inú káàdì kékeré wẹ́rẹ́. Bàbá wo àyè tó ṣẹ́ kù. Ì bá gba gbogbo àwọn tó lé, ì bá tún gba ọmọ wọn.

"Ṣé ó ti wọlé, sà?"

"Ó ti wọlé."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Bàbá tún fi káàdì àtijọ́ sínú ẹ̀rọ. Kò jí mọ́. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn kan ṣoṣo ló ń kí i.

Mosúnmọ́lá ló ròyìn rẹ̀ fún àwọn ìbátan. Ìyẹn ló mú kí àwọn àgbà ìdílé Olúmọyè máa pa á lówe fún ẹni tó bá fẹ́ ta èèyàn rẹ̀ nù pé: "Òfìfo ló gba ilé tán, wọ́n ń lé ará ilé."