Ibi Tí Àjàgbé Ti Ń Rí Iṣu Gún

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnu wa kì í kúrò nídìí òwe yìí, àmọ́ ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àlejò kan wò títí tí kò rí? Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí.

Ní ìlú kan létí ọ̀sà, níbi tí wọn kì í ti í gbin iṣu, oúnjẹ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ọba rán Bámgbáyé àti Ọ̀ṣúntọ́lá, àwọn olùwádìí rẹ̀, sí àwọn abà tó ń bọ́ ìlú. Wọ́n ní láti mọ ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti bí àwọn ará oko ṣe ń jẹun. Ọba sì ti búra pé ẹni tó bá ń jí irè oko ẹlòmíràn, òun yóò gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ilé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àjàgbé ni wọ́n dé sí. Láàárọ̀, wọ́n rin oko rẹ̀ já. Gbogbo ebè dì, ewé iṣu tutù yọ̀yọ̀, ìtàkùn kankan kò já.

Bámgbáyé ní, “Kò tíì wa iṣu rárá.”

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé iyán iṣu tuntun síwájú wọn. Lọ́jọ́ kejì, ebè ṣì dì, iyán tún dé. Bámgbáyé jẹ ẹ́, orí rẹ̀ sì dàrú. Ẹni tí kò wa iṣu, tó sì ń jẹ iṣu, iṣu ta ni?

Ó ní, “Olè ni bàbá yìí. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọba.”

Ọ̀ṣúntọ́lá dá a lóhùn pé, “Tó o bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí di aláìnílé. Jẹ́ ká tú ebè kan wò ná.”

Wọ́n tú u. Orí iṣu wà, ìtàkùn wà lára rẹ̀, gbòǹgbò wà, ṣùgbọ́n kò sí ara iṣu! Wọ́n tú òmíràn, bákan náà ni. Ni wọ́n bá sáré wálé.

“Bàbá, ẹ gbà wá o! Wọ́n ti jí iṣu yín tán lábẹ́ ilẹ̀!”

Ìyàwó Àjàgbé pa àtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ ọ! Olè wo ló ń jí iṣu, tí yóò tún bo ebè fún olóko?”

Àjàgbé rẹ́rìn-ín títí. “Èmi ni olè náà. Ẹ̀gbẹ́ ebè la máa ń tú. A ó gé ara iṣu, a ó fi orí sílẹ̀ pẹ̀lú ìtàkùn, a ó sì bò ó padà. Orí yẹn ló ń ta èèbù tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí jẹ èèbù wa run, ìdí nìyí tí a fi tètè wa iṣu lọ́dún yìí nígbà tó ṣì kéré, kí orí rẹ̀ lè ráyè ta èèbù púpọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?”

“Ṣé ẹ bi mí ni? Mo ṣe bí gbogbo ayé ló mọ̀.”

Wọ́n bo ebè náà padà, wọ́n sì ròyìn fún ọba pé èèbù ló wọ́n lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ọba fi ẹja gbígbẹ ra èèbù láti òkè odò fún àwọn abà. Oko Àjàgbé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, iṣu sì kún ọjà lọ́dún kejì.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibì kan, tó fẹ́ fi ohun tó fojú rí dá ará ibẹ̀ lẹ́jọ́, àwọn àgbà á ní: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọ́n á sì gbà á níyànjú pé kó jẹ́ kí ẹnu ran ojú lọ́wọ́.