Ìdajì Kọ́kọ́rọ́ tí Góróyè Dà Nù

Ohun tí a kò tò, a kì í da ìdajì rẹ̀ nù.

Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tó ń parí ìjà láàárín ọmọ ìyá méjì. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ a máa béèrè pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì? Ẹni tí nǹkan bá sú, ṣé kì í da gbogbo rẹ̀ nù ni? Ta ló jókòó pín nǹkan sí méjì kó tó dà á nù?

Ọkùnrin kan ni, ó sì mọ ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: ó wá kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó wá a bí ìwé ṣe ní kí wọ́n máa wá nǹkan, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, kò sì rí i.

Adégòróyè ni orúkọ rẹ̀. Góróyè ni àdúgbò ń pè é. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé aládàáni kan ní Iléṣà, ó sì fẹ́ padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdánwò àbáwọlé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó di àmọ́dún. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ àmọ́dún fún Góróyè? Ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Purofẹ́sọ̀ láti ọjọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

Adéjọkẹ́, ọmọ àdúgbò kan náà, fẹ́ ṣe ìdánwò yìí. Góróyè fi ọdún kan ṣáájú Jọkẹ́ nílé ìwé, nítorí náà Jọkẹ́ kò jẹ́ pè é lórúkọ lásán. Bùọ̀dá Góróyè ni. "Ẹ" ni, kì í ṣe "o". Góróyè fẹ́ràn Bùọ̀dá yẹn ju ẹran lọ.

Nígbà ìsinmi, wọ́n gba kíláàsì kan nílé ìwé tí Góróyè ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kàwé níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni ìdánwò náà dá lé: bí wọ́n ṣe ń to nǹkan, bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan, bí ohun tó kẹ́yìn wọlé ṣe ń kọ́kọ́ jáde bí àwo tí wọ́n tò léra, bí ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi ṣe ń kọ́kọ́ pọn. Kò sí èyí tó le létí nínú rẹ̀. Ọwọ́ ni wàhálà wà.

Jọkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣa ìdérí ìgò jọ, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó dà wọ́n sórí tábìlì, ó sì ń tò wọ́n. Bó bá ṣì í, á pòṣé, á dà wọ́n rú, á tún bẹ̀rẹ̀. Góróyè kì í jókòó ní tirẹ̀. Iwájú pátákó ló máa ń wà, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́.

"Wíwá," á gbé ọwọ́ sókè bí oníwàásù, "wíwá ni ọba gbogbo ọgbọ́n! Wo ìwé orin. Bí wọ́n bá ní ká kọ orin igba, ṣé láti orin kìíní lo ó ti máa ṣí i bọ̀? Rárá! Là á láàárín. Bí o bá bá orin ọ̀ọ́dúnrún níbẹ̀, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kú. Dà á nù! Tún la ìyókù láàárín. Dà á nù! Ká tó wí ká tó fọ̀, o ti ń kọrin."

"Bùọ̀dá, ta ló to ìwé orin náà?"

"Ta ló tò ó? Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló tò ó. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Bí wọn ò bá tò ó ńkọ́?"

"Ìbéèrè á ti sọ pé ó tò. Jọkẹ́, iṣẹ́ ọmọdé ni títò. Ọmọdé a máa tò, àgbà a máa wá."

Jọkẹ́ ti ìdérí ìgò sí i. "Ẹ wá bá mi to èyí ná, kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n."

Góróyè rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ti yé mi, kí ni mo tún fẹ́ fi ọwọ́ ṣe sí i? Ṣé ẹni tó mọ oúnjẹ jẹ á tún máa fi ẹnu òfìfo ṣe ìdánrawò ni?"

"Ẹni tó mọ oúnjẹ jẹ kọ́ ló mọ ọbẹ̀ sè o, Bùọ̀dá."

Góróyè gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó burú nípa ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn: èyí tó kù nínú rẹ̀ kì í hàn.

Ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò jìnnà, nítorí náà wọ́n ti dé ibẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Ilé àlejò ìjọ kan ni wọ́n wọ̀ sí. Àwọn tó wá ṣe ìdánwò kún ibẹ̀ bámúbámú. Màmá Mojírọ́lá ló ń ṣàkóso rẹ̀, obìnrin kan tí kò lè rí ìdọ̀tí kó má gbá a. Ó kó gbogbo wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, ó nawọ́ sí wáyà gígùn kan tí wọ́n ta láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn dé òpó ìkẹyìn.

"Ẹ gbọ́ o. Kọ́kọ́rọ́ yín ní ìkọ́, ó ní pákó tí nọ́ńbà yàrá wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ fi kọ́ wáyà yìí. Bí ẹ bá ṣe ń dé ni kẹ́ ẹ ṣe máa fi kọ́ ọ tẹ̀lé ara wọn, ẹ má gun ara yín lórí. Èyí tó bá wà lórí wáyà, n ò ní fọwọ́ kàn án. Bàsíà rèé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ pátápátá ni kó ju tirẹ̀ sínú bàsíà. Kọ́kọ́rọ́ tí mo bá bá níbẹ̀, olúwa rẹ̀ ti dágbére nìyẹn. Màá ṣí yàrá rẹ̀, màá kó ohun tó bá gbàgbé síta, màá gbálẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Mà!"

Góróyè kò gbọ́. Ó ń ṣàlàyé ìwé orin fún àwọn méjì kan tó wá láti Ẹdẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ogún kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wáyà gan-an, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń jáde bí oorun ṣe ń dá wọn sílẹ̀, ará yàrá kẹta, ará yàrá ogójì, ará yàrá kejìlá, wọ́n ń fi tiwọn kọ́ ọ tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì. Góróyè bọ́ sábẹ́ igi furúùtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn.

Bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó wọn lọ dé, ó fọn fèrè. Góróyè fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. Kò sí káàdì ìdánwò níbẹ̀. Ó ti fi í sílẹ̀ sínú yàrá, kò sì sí ẹni tó lè wọlé ìdánwò láìmú un dání. Bí aago mẹ́jọ bá sì ti lù, gééti tì nìyẹn.

Ó sáré dé ìdí wáyà, Jọkẹ́ tẹ̀ lé e.

"Bùọ̀dá, ẹ wò ó láti ìhín, kí n wò ó láti ọ̀hún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní pẹ́."

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan?" Góróyè wẹ̀yìn. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ti yọrí lójú fèrèsé, àwọn ará Ẹdẹ náà wà níbẹ̀. "Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, kí n wá máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà? Yẹra."

Ó di àárín wáyà mú. Pákó tó bá níbẹ̀, mẹ́jọ ni wọ́n kọ sí i.

"Ogún ni tèmi!" ó kígbe kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ogún ju mẹ́jọ lọ. Gbogbo èyí tó ṣáájú mẹ́jọ ti kú!"

Ó fi apá gbá wọn kúrò lórí wáyà, láti àárín títí dé ẹ̀bá ilẹ̀kùn, wọ́n ń já sínú bàsíà gbàrà gbàrà. Àwọn ará inú bọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Èyí tó já kẹ́yìn, yàrá ogún ni wọ́n kọ sí i. Góróyè kò wò ó. Ohun tó ti kú, ta ló tún ń wo ojú rẹ̀?

Màmá Mojírọ́lá jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lábíyá. Ó rí bàsíà tó kún, ó mi orí. "Gbogbo àwọn yìí ló ti ń lọ? Wọn ò tiẹ̀ kí mi." Ó gbé bàsíà, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Góróyè kò gbọ́ èyí náà. Ó ń pín, ó ń dà nù. Nígbà tó yá, ó ku kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lórí wáyà. Mọ́kànlá ni.

"Kò sí níbí," ó sọ ọ́ bí adájọ́. "Wọ́n ti jí i."

"Èyí tẹ́ ẹ dà sínú bàsíà ńkọ́? Màmá ló gbé e gba ẹ̀yìn lọ. Ẹ jẹ́ ká sáré bá wọn."

"Kí la fẹ́ wá nínú bàsíà? Ohun tí mo ti fi ọgbọ́n yọ kúrò, kò lè sí níbẹ̀. Mo ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀."

"Bùọ̀dá Góróyè, ta ló tò wọ́n?"

Bọ́ọ̀sì tún fọn fèrè.

"Lọ wọkọ̀, Jọkẹ́. Ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ kì í kọ́ àgbà. Màá bá yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó."

Jọkẹ́ ké sí Màmá títí, ṣùgbọ́n rédíò ń kọrin ní ẹ̀yìn ilé, kò gbọ́. Awakọ̀ ti ń bú u. Ó sáré wọkọ̀.

Góróyè sáré lọ sí oríta, ó lọ bá ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ kó wá bá òun já ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ọjọ́ ọ̀la mi ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn!"

"Ọjọ́ ọ̀la ṣì ń bọ̀. Mọ́ínmọ́ín ló ń tutù."

Ó jẹun tán kó tó dìde. Wọ́n sáré dé iwájú yàrá ogún pẹ̀lú òòlù. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti so kọ́tìnnì sókè, ilẹ̀ tutù, Màmá Mojírọ́lá wà nínú yàrá, ó ń bá rédíò kọrin, ó ń gbálẹ̀. Lórí koríko níta ni báàgì Góróyè wà, pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Káàdì ìdánwò wà lórí báàgì náà, Màmá ti fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e.

Ọkùnrin oríta wo ilẹ̀kùn, ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, èwo ni ká já?"

"Ọmọ mi, o ò tíì lọ?" ni Màmá wí. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ ni mo kọ́kọ́ mú. Òun ló wà lókè pátápátá nínú bàsíà."

Ohun tó kẹ́yìn wọlé ló kọ́kọ́ jáde. Góróyè mọ apá ìwé yẹn náà dáadáa.

Ó já káàdì rẹ̀ gbà lábẹ́ òkúta, ó gun ọ̀kadà, ọ̀kadà sáré dé ojú ikú. Gééti ti tì.

"Ọ̀gbẹ́ni mi àtàtà," Góróyè bẹ̀rẹ̀, "ilẹ̀kùn ìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í mọ́ ẹni tí òùngbẹ ẹ̀kọ́ ń..."

"Ilẹ̀kùn ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́," ni ẹ̀ṣọ́ dá a lóhùn. "Gééti ni. Ó di àmọ́dún."

Nígbà tí Jọkẹ́ jáde lọ́sàn-án, ó bá a lábẹ́ igi níwájú gééti. Ó jókòó tì í.

"Kí ni wọ́n bi yín?" Góróyè béèrè.

"Wọ́n kó nọ́ńbà jọ ṣákaṣàka, wọ́n ní ká wá ọ̀kan nínú wọn."

"O sì pín in sí méjì."

"Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tò. Kò tò. Mo wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Góróyè wolẹ̀. Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Jọkẹ́ rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ta ló tò wọ́n?" ó ń sọ. "Ta ló tò wọ́n? Ìgbà mélòó lo bi mí, Jọkẹ́!"

Ẹ̀rín náà kò bá a dé ilé àlejò. Àwọn tó ti ṣe ìdánwò dé wà lórí koríko, wọ́n dúró ti ẹrù wọn tí Màmá kó síta, wọ́n ń wá ẹni tó sọ wọ́n di aláìnílé. Àwọn ará Ẹdẹ kọ́kọ́ rí i.

"Òun rèé! Ẹ̀yin tó ti kú, ẹ wá wo ẹni tó pa yín!"

Màmá Mojírọ́lá gbé bàsíà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì kó àwọn tó ti já sílẹ̀ kún un. "Tò wọ́n."

Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ń fi èyí ṣáájú tọ̀hún, ó ń ṣì í, ó ń pòṣé, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi tò sórí wáyà láti yàrá kìíní dé ìkẹyìn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ títò lọ́jọ́ náà. Màmá ń wò ó.

"Ọmọ mi," ó wí, "ohun tí a kò tò, a kì í da ìdajì rẹ̀ nù."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Bó ṣe dé Ẹdẹ nìyẹn, bó ṣe dé Iléṣà nìyẹn. Ẹni tó ń fi í parí ìjà lè má mọ kọ̀ǹpútà rárá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹjọ́ tí a kò tíì gbọ́ tán, a kì í sọ pé apá kan nínú rẹ̀ ti kú.

Góróyè wọlé lọ́dún kejì. Kò sí ìdérí ìgò tí kò tò kó tó lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan, ẹni tí ọ̀gá wọn rán wá kọ́ wọn dé pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Jọkẹ́ ni. Ó ti fi ọdún kan ṣáájú níbẹ̀. Ó rí Góróyè lórí àga iwájú, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

Gbogbo kíláàsì dìde. Góróyè náà dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ni ó wí.

Kọ́kọ́rọ́ ló rò pé òun dà nù. Ọdún kan ló bá a lọ, Bùọ̀dá sì bá ọdún náà lọ. Ohun tí a kò tò, a kì í da ìdajì rẹ̀ nù.